Ẹ̀wù Àyálò Lára Linux

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òwe yìí ni àwọn kan lára àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ayárabíàṣá ṣe dì mú ṣinṣin. Bí wọ́n bá ti gbé Linux sínú ẹ̀rọ àlòkù tán, ohun tí ó kàn tí wọ́n ń dáwọ́ lé ni pé kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ Windows. Wọn a fa ọ̀já gbọọrọ kan sí ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Wọn a gbé bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ sí igun apá òsì. Wọn a wá òkè oníkoríko tútù àti ojú ọ̀run aláwọ̀ aró tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Windows XP, tàbí òdòdó aláwọ̀ aró tí ó wà lójú Windows 11. Wọn a pààrọ̀ gbogbo àwòrán kéékèèké, títí dé orí agbọ̀n ìdalẹ̀nù. Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, ẹni tí ń kọjá lọ yóò búra pé iṣẹ́ ọwọ́ Microsoft ni òun rí. Oníbàárà a sanwó, a gbé ẹrù rẹ̀, a sì máa lọ. Kò sẹ́ni tí ó sọ fún un pé Linux ni ohun tí ó rà.

Àwọn tí ń ṣe èyí kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní àánú ni àwọn ṣe oníbàárà, kí ojú tuntun má baà dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n àánú tí ó fi irọ́ ṣe ìpìlẹ̀ kì í pẹ́ di ìyà. Òmìnira tí Linux fún ènìyàn láti yí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ padà jẹ́ ohun iyebíye. Ẹni tí ó gba òmìnira náà tán, tí ó sì lò ó láti fara wé ọ̀gá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó dàbí ẹrú tí ó ra ara rẹ̀ padà, tí ó tún lọ ń wọ aṣọ ìlàrí kiri ìgboro.

Kí ọ̀rọ̀ tó gùn, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣeé ṣe. Linux tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 kì í ṣe ojú tí ènìyàn ń rí. Ó jẹ́ kókó inú lọ́hùn-ún tí ń darí ẹ̀rọ: òun ni ó ń pín agbára ẹ̀rọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó ń bá kíbọ́ọ̀dù, ìtẹ̀wé àti ibi ìpamọ́ sọ̀rọ̀. Ojú tí ènìyàn ń wò jẹ́ ètò mìíràn tí a gbé lé e lórí. KDE bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996, GNOME tẹ̀lé e ní ọdún 1997, Xfce náà sì wà fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré. Nítorí pé ojú yàtọ̀ sí kókó inú, tí gbogbo rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tún un kọ, ènìyàn lè yí àwọ̀, àwòrán, ipò bọ́tìnì àti èdè rẹ̀ padà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Linux lè jọ Windows. Ó lè jọ Mac: Red Star, èyí tí ìjọba Àríwá Kòríà ń lò, ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì wu ẹni tí ó ni ín, ó lè jọ ohun tí ẹnì kan kò tíì rí rí.

Ní Èkó, Àpápá ni ó yẹ kí ènìyàn ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àlòkù ti ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí ará ìlú fi ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀, orúkọ náà kò sì purọ́: òkun ni wọ́n gbà wọlé. Ìwádìí tí àjọ Basel Action Network gbé jáde ní ọdún 2005 sọ pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù, àti pé púpọ̀ nínú ohun tí ó wà nínú wọn kò ṣeé tún lò mọ́. Láti èbúté ni ẹrù ti ń gba Alábà àti Ìkẹjà lọ, kí ó tó dé ọwọ́ olùkọ́, akọ̀wé, àti ọmọ ilé ìwé.

Ẹ̀gbẹ́ èbúté yìí kan náà ni Àpápá GRA wà, àdúgbò tí wọ́n là ní ìlànà òyìnbó. Ẹni tí ó bá rin ibẹ̀ yóò ka orúkọ Liverpool Road, Burma Road, Park Lane àti Calcutta Crescent lára òpópónà. Orúkọ ìlú onílùú ni wọ́n fi bo ilẹ̀ náà bí aṣọ. Síbẹ̀, Liverpool Road kò fi ìgbà kan di Liverpool. Òjò Èkó ni ó ń rọ̀ sí i, ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí èbúté Èkó ni ó sì fọ́ ọ̀dà ojú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà náà bá bàjẹ́, kò sí ará Liverpool tí yóò wá tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí a wọ̀ láṣọ Windows ṣe rí. Aṣọ náà kò mú Microsoft wá sí tòsí. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ṣàìsàn, ìmọ̀ Linux ni yóò wò ó sàn, ìmọ̀ yìí gan-an ni wọ́n sì fi pamọ́ fún ẹni tí ó ni ín.

Kí ènìyàn fojú inú wo ọ̀dọ́langba kan ní Ajégúnlẹ̀, ní òdìkejì Boundary tí ó pààlà láàárín Àpápá àti àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù. Ìyá rẹ̀ ti fi owó àjọ ra ẹ̀rọ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, inú rẹ̀ dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí orúkọ fáìlì rẹ̀ parí sí .exe. Ó tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ó tún un tẹ̀, pàbó ni. Kò mọ̀ pé Windows nìkan ni wọ́n kọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ fún, kò sì mọ̀ pé ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tí yóò ṣe iṣẹ́ kan náà wà nítòsí, tí Linux lè gbé wá fún un bí ó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀? Yóò ní Windows tí wọ́n tà fún àwọn ti bàjẹ́.

Ibí yìí ni oró ọ̀rọ̀ náà wà. Lára ẹ̀rọ tí a pa láwọ̀ dà, gbogbo ohun tí ó bá ṣiṣẹ́ dáradára ni yóò di ògo Windows, gbogbo ohun tí ó bá kùnà ni yóò sì di àbùkù ẹ̀rọ. Linux tí ó ṣe iṣẹ́ kò rí ìyìn gbà. Ọmọ náà kò sì kọ́ nǹkan kan, nítorí pé ènìyàn kò lè kọ́ ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Yorùbá ní ẹ̀wù àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá ṣo ni, yóò fún ni lọ́rùn. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Linux ni ó wọ ẹ̀wù náà, ṣùgbọ́n ọmọ Ajégúnlẹ̀ yìí ni ọrùn ń fún.

Àwọn kan yóò dáhùn pé kò sí ẹni tí kò ṣe àfarawé rí. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí a gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ Xerox ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe ẹ̀rọ Alto ní ọdún 1973, tí ó ní fèrèsé àti àwòrán tí a lè fi mouse tọ́ka sí. Apple wo àwòkọ́ṣe yẹn kí ó tó ṣe Lisa ní 1983 àti Macintosh ní 1984. Microsoft náà wo Apple. Nígbà tí Apple pe Microsoft lẹ́jọ́ ní 1988 pé ó jí ojú ẹ̀rọ òun, Apple kò jàre. Nígbà tí Xerox sì pe Apple lẹ́jọ́ ní 1989, òun náà kò rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń béèrè gbà. Kò sí ẹni tí ó mọ́ nínú wọn bí orí ahun. Ṣùgbọ́n Apple pe tirẹ̀ ní Macintosh, Microsoft sì pe tirẹ̀ ní Windows. Wọ́n gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọn kò sì fi orúkọ ara wọn pamọ́ fún ẹni tí ó ra ọjà.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Michael Robertson kò wo ilé nígbà tí ó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2001 láti ta Linux tí yóò jọ Windows, tí ó sì sọ ọ́ ní Lindows. Kí ọdún náà tó parí, Microsoft ti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 2004, orúkọ náà di Linspire, Microsoft sì san 20 mílíọ̀nù dọ́là kí ìjà náà lè parí. Ó jèrè owó, ṣùgbọ́n Linspire kò di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tí ó fi gbajúmọ̀ ni pé ó jọ ẹlòmíràn, nígbà tí wọ́n sì gba ìjọra lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ó kù kò tó nǹkan. Zorin OS, tí àwọn ọ̀dọ́ méjì ọmọ ìyá kan gbé jáde ní Ireland ní 2009, yàtọ̀ sí èyí. Òun náà lè gbé ojú tí ó jọ ti Windows wọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ẹni tí ó bá gbà á sì mọ̀ pé Linux ni. Bákan náà ni ti Kali, ètò Linux tí àwọn onímọ̀ ààbò ẹ̀rọ ń lò. Ní 2019 ó mú ọgbọ́n kan wá tí ẹni tí ó jókòó láàárín èrò fi lè sọ ojú ẹ̀rọ rẹ̀ di ti Windows 10 kí wọ́n má baà máa wò ó. Ẹni tí ó gbé eégún mọ̀ pé òun ni òun wà nínú ẹ̀kú. Àwọn òǹwòran ni kò gbọdọ̀ mọ̀. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn ayí-ojú-ẹ̀rọ-padà burú ju èyí lọ: wọ́n da ẹ̀kú bo ènìyàn lórí láìsọ fún un pé ó ti di eégún.

Àwọn olùkọ́ kan náà ní àwáwí tiwọn. Wọ́n ní ohun tí ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ń béèrè ni Windows, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ibi tí bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ wà yóò kùnà. Ṣùgbọ́n kí ni bọ́tìnì náà ti ṣe láti ọdún wọ̀nyí wá? Ní 2012, Windows 8 yọ ọ́ kúrò lójú ẹ̀rọ pátápátá. Ní 2013, Windows 8.1 dá a padà. Ní 2021, Windows 11 gbé e kúrò ní igun apá òsì, ó fi í sí ààrin. Ọmọ tí ó há ipò bọ́tìnì sórí ní 2010 ti di òpè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mọ́kànlá, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ohun tí fáìlì jẹ́, tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ètò àti ìwé tí a fi ètò kọ, tí ó sì lè ka ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún un, kò ní ṣìnà bí wọ́n tilẹ̀ gbé bọ́tìnì sí orí òrùlé. Ẹ̀kọ́ tí ó dá lórí ojú máa ń kú nígbà tí ojú bá yí padà. Kò sì sí ọ̀nà tí olùkọ́ fi lè fi èyí han kíláàsì tó kí ó gbé ojú méjì tí kò jọra kalẹ̀ níwájú wọn.

Kì í ṣe eré ọmọdé ni ọ̀rọ̀ ojú tí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀, àwọn oníṣòwò ńlá sì ti mọ èyí tipẹ́. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fẹ́ ra ẹ̀rọ Classmate 17,000 fún àwọn ilé ìwé. Mandriva, ilé iṣẹ́ Linux kan ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n bá ṣe àdéhùn pé yóò gbé ètò rẹ̀ sínú wọn. Kí oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà tó parí, wọ́n sọ fún Mandriva pé wọn yóò san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò yọ Linux kúrò, wọn yóò sì fi Windows sí i. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva nígbà náà, kọ lẹ́tà ìta-gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft, ó sì fi ìbínú béèrè ohun tí wọ́n ṣe tí èrò fi yí padà. Ìròyìn gbé e pé 400,000 dọ́là ni Microsoft fẹ́ fi sílẹ̀ fún ètò ìpolówó pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tí ń kó ẹ̀rọ náà wọlé. Microsoft ní kò sí ohun àìtọ́ nínú ohun tí òun ṣe. Ní oṣù Bélú, ìròyìn mìíràn jáde pé àjọ USPF ti ìjọba, tí ń sanwó 11,000 nínú àwọn ẹ̀rọ náà, ṣì fẹ́ Linux nínú tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ṣe kedere. Bí ojú tí ọmọ ń wò kò bá ṣe pàtàkì, kò ní sí ìjà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó wá gbé Linux sínú ẹ̀rọ ọmọ ilé ìwé lónìí, tí ó sì fi ojú Windows bò ó, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìpolówó fún Microsoft, láìgba kọ́bọ̀.

Àkókò yìí gan-an ni ó sì yẹ kí a là á mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, àyàfi fún ẹni tí ó bá wọ ètò àfikún ọlọ́jọ́ díẹ̀. Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018. Irú ẹ̀rọ tí òyìnbó jù nù bẹ́ẹ̀ ni ó ń di tòkunbọ̀. Linux yóò fi ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i, kò sì ní gba owó. Ìbéèrè tí ó kù ni irú ojú tí yóò fi wọ ilé ìwé: ṣé ojú ara rẹ̀ ni, àbí ojú ọ̀gá tí ó jù ú nù?

Ìdáhùn wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ yí ojú náà padà. Kí ó yí i sí Yorùbá. Nínú ètò kíbọ́ọ̀dù Linux, bí ènìyàn bá yan Nàìjíríà, yóò rí Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá lábẹ́ rẹ̀. Àmì ìdámọ̀ èdè àti ilẹ̀, yo_NG, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọjọ́ àti oṣù ní Yorùbá. Fún ẹni tí ń kọ́ lítíréṣọ̀, èyí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Lẹ́tà ẹ ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ṣe ni a ó fi àmì ohùn lé e lórí, bí kíbọ́ọ̀dù kò bá sì gbọ́ èdè, òǹkọ̀wé yóò ju àmì nù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè tẹ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò fi lẹ́tà mẹ́ta kan náà kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin, òǹkàwé ni yóò sì máa méfò. Wákàtí mélòó ni wọ́n fi ń wá àwòrán agbọ̀n ìdalẹ̀nù tí ó jọ ti Windows? Ìṣẹ́jú márùn-ún nínú rẹ̀ tó láti fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sí i.

Òótọ́ ni pé Microsoft náà ṣe aṣọ Yorùbá fún Windows 7, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ kò bá bá etí mu, kò sí olùkọ́ ní Ìbàdàn tàbí Ajégúnlẹ̀ tí ó lè tún un ṣe. Ìtọ́jú Windows 7 sì dópin ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020. Ti Linux yàtọ̀. Fáìlì ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìwé lásán: ìlà èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìlà òfìfo lábẹ́ rẹ̀ tí ń dúró de ẹni tí yóò kọ Yorùbá sí i. Láàárín 2000 sí 2010, àwọn kan ní Nàìjíríà gbìyànjú rẹ̀, wọ́n gbé Wazobia Linux jáde ní èdè Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Iṣẹ́ náà kò tíì parí, ìlà òfìfo ṣì pọ̀.

Ta ni ó sì yẹ kó kún wọn bí kò ṣe àwọn tí ń kọ́ni ní Yorùbá àti àwọn tí ń kọ́ ọ? Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ọ̀nà hàn: Ayọ̀ Bámgbóṣé darí ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì darí èkejì ní 1990, wọ́n jókòó wá ọ̀rọ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Kíláàsì kan lè ṣe bákan náà fún ojú ẹ̀rọ. Ṣé “fi pamọ́” ni yóò dúró fún save, nígbà tí ohun tí a fi pamọ́ tún lè jẹ́ ohun tí a gbé kúrò lójú ènìyàn? Àbí “tọ́jú” ni ó sàn jù? Ṣé “pa rẹ́” ni yóò jẹ́ delete, àbí “sọ nù”, nígbà tí ohun tí ó sọ nù ṣì lè di rírí? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jiyàn lórí èyí fún ìdajì wákàtí yóò mọ̀ nípa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, yóò sì mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ju ẹni tí ó fi odindi sáà há ipò bọ́tìnì sórí.

Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n fi túláàsì gba ojú tí ó ti mọ́ àgbàlagbà lára lọ́wọ́ rẹ̀. Bí akọ̀wé tí ó ti fi ogún ọdún lo Windows bá fẹ́ kí Linux rẹ̀ jọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n ṣe é fún un. Afárá ni, a sì ń gba orí afárá kọjá ni, a kì í kọ́lé sórí rẹ̀. Ohun tí kò ṣeé gbà ni kí wọ́n ṣe é láìsọ fún un, tàbí kí wọ́n ṣe é fún ọmọ tí kò tíì mọ ojú kankan, tí kò ní ohunkóhun láti sọdá láti orí rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń ta ẹ̀rọ kọ orúkọ Linux sára ohun tí ó tà. Kí olùkọ́ tí ó gba ẹ̀rọ wọ kíláàsì kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ pé kí ni orúkọ ètò tí ń darí rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kan. Kí ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí fáìlì .exe kọ̀ láti ṣí fún mọ ìdí rẹ̀, kí ó lè wá ètò tí ó bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu, kí ó má sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé owó àjọ rẹ̀ ti wọmi. Bí ó bá wá wù ú lọ́jọ́ kan láti yí ojú ẹ̀rọ náà padà, ìlà òfìfo ń bẹ níbẹ̀ tí ń retí rẹ̀, ní èdè ìyá rẹ̀.